Èènì: Ìdùnnú Kékeré Inú Ọjà àti Òfin Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Ọn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kò sí ọmọ tí a rán lọ ra àkàrà rí tí kò mọ adùn èènì. Owó ti tẹ ìyá alákàrà lọ́wọ́, iye tí a rà ti pé nínú abọ́, ọmọ ti fẹ́ yí ẹ̀yìn padà, ni ìyá bá tún na ọwọ́, ó fi ẹyọ kan lé e. Ẹyọ kan náà a máa dùn ju gbogbo èyí tí a fi owó rà lọ, kì í sì í sábà dé ilé.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni èyí, kò kan ẹ̀sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn Jabir ọmọ Abdullah wà nínú ìwé hadiisi Bukhari àti ti Muslim. Bàbá rẹ̀ kú sí ogun Uhudu, ó sì fi gbèsè àti àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ fún un láti tọ́jú. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìrìn-àjò kan, ó rẹ ràkúnmí Jabir, ó sì ń fà sẹ́yìn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe àdúà sí i, wọ́n sì dá a lẹ́ṣẹ̀. Ni ó bá ń sáré. Wọ́n ní kí Jabir tà á fún àwọn ní uqiyya kan, èyí tí í ṣe 40 dirhamu fàdákà. Jabir tà á, ṣùgbọ́n ó ní kí òun gùn ún dé Mẹ̀dínà. Nígbà tí wọ́n délé, Ànábì pàṣẹ fún Bilal pé kí ó wọn owó náà, kí ó sì fi díẹ̀ lé e. Bilal wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n sì tẹ̀. Jabir ti ń lọ nígbà tí wọ́n pè é padà. Ó rò pé wọn kò ra ràkúnmí mọ́ ni. Wọ́n ní kí ó mú ràkúnmí rẹ̀, kí ó sì mú owó náà lọ pẹ̀lú.

Èènì tín-ín-rín yẹn, Jabir kò ná an. Inú àpò rẹ̀ ni ó wà, ó lé ní 50 ọdún, títí di ọjọ́ Harra ní ọdún 63 Hijira (683), tí àwọn ọmọ ogun Ṣáámù gbà á lọ.

Èènì tọ́ nítorí pé olówó rẹ̀ fi inú dídùn mú un sílẹ̀. Ọlọ́jà tí ó lu ìdí kọ́ńgò wọnú, tí ó wá ń bu ẹ̀kúnwọ́ gààrí lé e lórí, díẹ̀ nínú ohun tí ó jí ni ó ń dá padà. Suratul-Mutaffifin ti bá irú wọn wí. Oníbàárà tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ata sí i nígbà tí ìyálọ́jà kò wò ó, kí ó má pe olè jíjà ní èènì. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí ọjà sì wọ́n, àwọn ọlọ́jà mìíràn kò lè fi nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ̀bùn kì í ṣe gbèsè.

Ṣéńjì tí ó lé ńkọ́? Ìyálọ́jà fẹ́ fún ni ní 200 náírà, ó ṣèèṣì fún ni ní 500. Inú a dùn lójijì, a ó sì máa wí pé Ọlọ́hun ni ó ṣe é. Èyí kì í ṣe èènì, nítorí pé ìyá náà kò mọ̀ pé òun mú nǹkan kan sílẹ̀. Bákan náà ni owó tí ẹnìkan ṣèèṣì fi fóònù rán sí wa. Kí a tètè dá a padà kí ó tó ṣírò ọjà ní alẹ́, àgàgà bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà, nítorí pé ọmọ náà ni wọn yóò nà. Bí a bá wá olówó títí tí a kò rí i, kí a fi ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì yọjú lẹ́yìn náà, tí ó ní owó òun ni òun fẹ́, kí a san án fún un.