Yíyan Wi-Fi Alásopọ̀ fún Ilé Oníbúlọ́ọ̀kù

Wi-Fi alásopọ̀, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní mesh, ni ẹ̀rọ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n wà káàkiri inú ilé kan, tí wọ́n ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, débi pé fóònù ẹni tó ń ti pálọ̀ gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìjẹ́ pé ẹni náà tún yan orúkọ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn olórí, ni ó so mọ́ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé, ìbáà jẹ́ okùn fáíbà tàbí àwo Starlink orí òrùlé; ọmọlẹ́yìn ni àwọn tó kù. Ọdún 2016 ni Eero àti Google Wifi gbé irú rẹ̀ dé ọjà Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé pákó àti pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, tí ìgbì rédíò sì ń la irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá láìsí wàhálà púpọ̀.

Ilé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì oní-ínǹṣì 6 tàbí 9 ni ògiri rẹ̀, irin sì wà nínú kọnkéré dẹ́kìn rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ilé tí páálí ẹ̀rọ sọ pé ó lè kárí kò ṣeé gbà gbọ́ láìbéèrè irú ògiri tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìgbì 2.4 GHz, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ló ń la ògiri já jù, ṣùgbọ́n kò yára, ẹ̀rọ àwọn aládùúgbò sì ti kún orí rẹ̀. 5 GHz yára jù ú lọ, àmọ́ símẹ́ǹtì tètè ń dá a dúró. Ti 6 GHz, tí ìjọba Amẹ́ríkà yọ̀ǹda fún Wi-Fi ní 2020, tún burú ju ìyẹn lọ.

Iye ìyára tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni ọ̀pọ̀ olùrà ń wò, bẹ́ẹ̀ àròpọ̀ agbára gbogbo rédíò inú ẹ̀rọ náà ni, kò sì sí fóònù kan tí yóò rí i gbà lódindi. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n béèrè, ìyẹn ọ̀nà tí olórí àti ọmọlẹ́yìn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé rédíò kan náà ni ọmọlẹ́yìn fi ń gbà lọ́wọ́ olórí, tí ó tún fi ń fún fóònù, kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyára á sì já sí bí ìdajì. Bí ọmọlẹ́yìn kejì bá tún ń gbà lọ́wọ́ èkíní, ìdajì yẹn náà á tún pín sí méjì. Ẹ̀rọ onírédíò mẹ́ta, tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ̀nà ẹ̀yìn, dín ìyà yìí kù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Wáyà Cat 6 láti ọ̀dọ̀ olórí dé ọ̀dọ̀ ọmọlẹ́yìn ló mú un kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ní wáyà sábà máa ń ṣe dáadáa ju olówó gọbọi tó ń bá dẹ́kìn jà lọ.

Níbi tí wáyà kò bá sí, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé ọmọlẹ́yìn sínú yàrá tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé rárá, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí gbà, kò lè fún fóònù. Orí àtẹ̀gùn, níbi tí ìgbì olórí ṣì ń dé, tí ẹnu ọ̀nà yàrá náà sì kọjú sí, ló dára jù.

Kí olùrà ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, nítorí pé EasyMesh, ìlànà tí Wi-Fi Alliance gbé jáde ní 2018 kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè bá ara wọn ṣiṣẹ́, kò tíì sí nínú gbogbo wọn. Kí ó sì rí i pé ínfátà gbé ọmọlẹ́yìn pẹ̀lú olórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí iná bá ti lọ, ibi tí olórí wà nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò kù sí.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ló ní àǹfààní jù, torí pé owó páìpù tí oníṣẹ́ iná yóò rì sínú ògiri fún wáyà Cat 6, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọn yóò fi fọ́ ògiri náà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò sì ju yàrá méjì lọ kò nílò mesh rárá. Ráútà kan ṣoṣo, tí wọ́n bá gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí àárín ilé, yóò tó o.