Tẹlifóònù Wo Ni Kí Ọ́fíìsì Wa Rà?

Ìgbìmọ̀ ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ọ́fíìsì wa ní Anthony níhìn-ín fún yín kí ẹ tó dìbò. Owó tí a fẹ́ ná kì í ṣe ti alága, kì í ṣe ti akọ̀wé. Owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín ni. Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí a fẹ́ fi rà.

Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé ayé NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985. Nígbà náà, ẹni tó ní tẹlifóònù nílé, ọlọ́lá ni. Ní 2001 ni GSM dé, tí mẹ̀kúnnù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù sápò. Láti 2015 ni àwọn tó ń lo WhatsApp ti ń fi dátà sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, ẹgbẹ́ NLC sì ta kò ó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bi wá pé, kí ló dé tí ọ́fíìsì kò máa pe ìpè lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè gidi ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀rọ á gé ohùn rẹ sí wẹ́wẹ́, á kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ẹni kejì á sì tò ó padà. Ohùn lásán kì í jẹ dátà púpọ̀. Àwòrán ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú wa.

Èkíní ni fóònù ọwọ́. Púpọ̀ nínú wa ti ní in, kò sí ohun tí a ó tún rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fóònù akọ̀wé, ọjọ́ tí akọ̀wé bá fi ipò sílẹ̀, nọ́ńbà bá a lọ.

Èkejì ni kọ̀ǹpútà pẹ̀lú íápíìsì tó ní máìkì. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ti wà nílẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, ìpè kankan kò lè wọlé mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní ATA. Ẹ ó so tẹlifóònù orí tábìlì àtijọ́ mọ́ ọn, ẹ ó sì so òun náà mọ́ ráútà.

Ẹ̀kẹrin ni tẹlifóònù orí tábìlì tí wọ́n ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Ó dára fún ọ́fíìsì tó ní yàrá púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ATA lọ.

Kí a tó náwó, ẹ fi ohun mẹ́ta sọ́kàn.

Àkọ́kọ́ ni iná. Tẹlifóònù NITEL ń gba iná láti inú wáyà rẹ̀, nítorí náà ó lè dún nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ráútà bá kú, tẹlifóònù kú. Owó bátìrì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò wa.

Ìkejì, WhatsApp kò lè pe ẹni tí kò ní WhatsApp. Kọ̀ńdọ́ tó ní fóònù kékeré kò lè fi bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ kò sì lè fi WhatsApp pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà Ìkòròdú lóru, tàbí tí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà iṣẹ́ alẹ́, ìpè lásán ni yóò gbà á là.

Ìkẹta, ẹ má ra ẹ̀rọ tó so mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Skype bẹ̀rẹ̀ ní 2003, wọ́n sì pa á dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Tẹlifóònù tí wọ́n ṣe fún Skype nìkan ti di irin lásán. Ẹ béèrè èyí tó ń lo SIP, ìlànà tó wà láti 1999. Bí ilé iṣẹ́ kan bá já wa kulẹ̀, a lè gbé ẹ̀rọ wa lọ sọ́dọ̀ òmíràn.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ jẹ́ kí a ra ATA kan, kí a lo tẹlifóònù tó ti wà lórí tábìlì, kí a sì ra bátìrì tí yóò gbé òun àti ráútà. Èyí ni a ó fi máa bá àwọn ẹ̀ka mìíràn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a ra fóònù GSM kékeré kan, kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa gbé e tọ̀sán-tòru. Kí a kọ nọ́ńbà náà sí káàdì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Bí a bá ń wá ẹ̀dínwó, kí a má fi ẹni tí kò ní dátà sílẹ̀ níta. Òun náà ń san owó ẹgbẹ́. Òun gan-an ni ọ̀gá lè tilẹ̀kùn mọ́ síta ní géètì láàárọ̀ ọ̀la, tí kò ní rí ẹlòmíràn pè bí kò ṣe wa.

Ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ sì béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.