Ta Ni Yóò Ka Ọmọ Ọlọ́mọ? Ìtàn àti Iye Àwọn Ará Etí Ọ̀sà ní Bàrígà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò jìnnà sí ilé.

Bí ènìyàn bá ti Ṣómólú wọ Bàrígà, tí kò sì dúró, títì yóò tán, ọ̀sà yóò bẹ̀rẹ̀. Etí ọ̀sà yìí ni àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tẹ̀dó sí. Àwọn Ìlàjẹ wá láti etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn Ẹ̀gùn wá láti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Olómìnira Benin. Iṣẹ́ ẹja ni ó gbé wọn dé. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi kọ́lé sórí omi. Iwájú wọn ni afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gbà kọjá.

Mo bi bàbá apẹja kan níbẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ tó mélòó?" Wọ́n ní, "Àwọn ará Ugbò wà. Àwọn ará Màhín wà. Àwọn ará Ayétòrò náà wà." Iye ni mo béèrè, orírun ni wọ́n sọ fún mi. Mo rántí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Àwọn tí ó kà wá pàápàá kò fẹnu kò. Ní 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 402,673 ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́dún náà, ó ní 1,025,123. Ìyàtọ̀ wọn lé ní 600,000. Ìkànìyàn tí ó yẹ kí ó wáyé ní 2023, wọ́n sún un síwájú.

Níbo ni apẹja wà nínú àríyànjiyàn yìí? Ó lè wà lójú omi nígbà tí akànìyàn bá kanlẹ̀kùn. Ẹni tí a kò sì kà, bí wọ́n bá lé e, ta ni yóò mọ iye tí ó lọ? Ní 1990, ìjọba wó Màrókó. Ní oṣù Keje 2012, wọ́n wó ilé ní Màkókó, létí ọ̀sà kan náà, lẹ́yìn ìkìlọ̀ wákàtí 72.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí. Òwe ni mo fi ń ronú. Òwe wa kò ní kí ọlọ́mọ má mọ iye ọmọ rẹ̀. Àlejò ni ó kìlọ̀ fún. Nítorí náà, kí àwọn ará etí ọ̀sà ka ara wọn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, ìlú tí wọ́n ti wá, ọdún tí wọ́n dé, iye tí ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí ènìyàn níbẹ̀, ìwé yóò jẹ́rìí.