Àpótí Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Níbi Tí A Ti Ń Yìnbọn

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ



Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kò pọ̀. Ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ rà sínú àpótí ìtọ́jú, fún ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń yìnbọn. Àgbẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ọdẹ náà sì pọ̀. Wọ́n ń pàdé láti dán ìbọn wò, wọ́n ń jùmọ̀ ṣọdẹ, bí ọdẹ kan bá sì dolóògbé, wọn a máa yìnbọn ẹ̀yẹ fún un. Níbi tí ìbọn bá ti ń dún, ewu wà níbẹ̀. Ọta lè bá ẹni tí a kò rí lẹ́yìn igbó. Ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n fi páìpù omi rọ lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò mọ ìṣirò. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà kan kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí ọta bá já iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ní itan tàbí ní apá, ẹ̀mí lè bọ́ láàárín ìṣẹ́jú 5, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Èwo nínú àwọn oko wa ni ọ̀kadà lè ti gbé ènìyàn dé ọsibítù láàárín ìṣẹ́jú 5? Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ẹni tí ọta bà là kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ó dúró tì í nígbà tí ìbọn dún ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀ ni dókítà lè tọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: àpótí méjì ni kí ẹ ní, kì í ṣe ẹyọ kan. Àpótí kìíní wà fún ohun kéékèèké: pílásítà fún ìka tí ó bó, aodíìnì, òwú, oògùn ẹ̀fọ́rí. Àpótí kejì wà fún ẹ̀jẹ̀ nìkan. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ẹ mọ bí yóò ti rí. Ẹni tí orí ń fọ́ yóò ṣí i, ẹni tí bàtà bó lẹ́sẹ̀ yóò ṣí i, ẹlòmíràn yóò mú báńdéèjì níbẹ̀ láti fi di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ní ọjọ́ tí wàhálà bá dé, páálí òfìfo ni a ó bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn ní Amẹ́ríkà ni ó ti ya àpótí méjèèjì sọ́tọ̀ nítorí irú èyí.

Ẹ kun àpótí ẹ̀jẹ̀ ní pupa kí ojú lè tètè rí i. Ẹ má fi àgádágodo tì í, nítorí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ti lọ sí ọjà. Okùn tín-ín-rín tí ọwọ́ lè já ni kí ẹ fi dì í. Bí okùn náà bá ti já, akọ̀wé yóò mọ̀ pé ẹnìkan ti ṣí i, yóò sì yẹ inú rẹ̀ wò. Ibi tí a ti ń yìnbọn gan-an ni kí ó wà, kì í ṣe ilé alága.

Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀?

Èkíní ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí yóò tó ènìyàn 4. Ẹni tí ó ń ṣe ìtọ́jú kò gbọdọ̀ fi ìyẹn kó àrùn.

Èkejì ni àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó, láti fi gé aṣọ kúrò. Ọta a máa wọlé níhìn-ín, kí ó jáde lọ́hùn-ún. Ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ni tọ́níkẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán 2. Ọ̀já fífẹ̀ ni, ó sì ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń lọ́ ọ kí ó lè fún. Apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Ẹ so ó sí òkè ojú ọgbẹ́ ní ìwọ̀n ìka 3 tàbí 4, ní ìhà ti àyà. Ẹ má so ó lé orúnkún tàbí ìgúnpá. Ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Yóò dun ẹni náà gan-an, ṣùgbọ́n kí igbe rẹ̀ má mú yín tú u. Bí ọ̀kan kò bá dá a dúró, ẹ so èkejì sí òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago tí ẹ so ó sílẹ̀ kí dókítà lè rí i.

Àwọn kan nínú yín kọ́ ọ ní ọjọ́ pípẹ́ pé kí a máa tú u díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà kú. A ti fi ìyẹn sílẹ̀. Nínú ogun Iraq àti ti Afghanistan, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà rí i pé tọ́níkẹ́ẹ̀tì tí a tètè so gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, àti pé ẹsẹ̀ kì í sábà bàjẹ́ bí a bá dé ọsibítù láàárín wákàtí 2. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará ìlú náà ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́hùn-ún. Ọsibítù ni yóò tú u, kì í ṣe àwa.

Ẹ̀kẹrin ni gọ́ọ̀sì, ìdì 4, àti báńdéèjì fífẹ̀ 3. Èyí wà fún ibi tí tọ́níkẹ́ẹ̀tì kò lè dé, bí abíyá, èjìká, àti ibi tí itan ti so mọ́ ara. Ẹ ki gọ́ọ̀sì bọ inú ihò ọgbẹ́ náà títí yóò fi kún, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò láti yọjú wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, ẹ fi òmíràn lé e, ẹ má yọ ti àkọ́kọ́. Bí gọ́ọ̀sì bá tán, aṣọ mímọ́ yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún ni kúbùsù. Bí ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ bá tutù, ẹ̀jẹ̀ náà kì í fẹ́ dì mọ́. Ẹ bò ó, kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ẹ̀kẹfà ni tọ́ọ̀ṣì, bíìrò, àti ìwé tí a kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sí: ti ọsibítù tí ó súnmọ́ wa jù, ti ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀, àti 112 tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Kí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ kan sì dúró ti àpótí náà. Bí ẹ̀tù bá jó ènìyàn, omi ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin.

Ní ti àyà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má ki nǹkan bọ ihò ọgbẹ́ tí ó wà ní àyà tàbí ní ikùn. Ẹ má sì fi náílọ̀n dí ti àyà pa, nítorí afẹ́fẹ́ lè há sínú, kí ó fún ẹ̀dọ̀fóró pa. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó bí mímí bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Bí ìfun bá yọ síta, ẹ má tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rin sínú omi bò ó. Bí ìbọn bá já ìka, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó rin díẹ̀ wé ìka náà, ẹ gbé e sínú náílọ̀n, ẹ gbé náílọ̀n náà lé yìnyín, kí ẹ mú un tẹ̀lé ẹni náà. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín kan ìka náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kò sí eérú, kò sí iyọ̀, kò sí epo ọkọ̀ lójú ọgbẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ wá ọta. Ẹ má fún ẹni náà ní omi tàbí ògógóró mu. Bí ó bá sì dé ọsibítù, ẹ rán nọ́ọ̀sì létí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ó ku ohun kan tí ń pa ènìyàn ju ọta lọ nígbà mìíràn, ìyẹn ni ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Àwọn kan a máa gbé ẹni tí ọta bà pamọ́ sílé, wọ́n ní ọsibítù kò ní gbà á láìsí ìwé ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ o: òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2017 sọ pé gbogbo ọsibítù, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bá, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, a san owó àkọ́kọ́ tàbí a kò san. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òfin yìí sínú ìwé, kí ó fi í sínú àpótí pupa náà. Ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù gẹ́gẹ́ bí gọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọgbẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan owó. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ohun tí apá ẹnìkan kò ká ni a ń fi ẹgbẹ́ ṣe. Tọ́níkẹ́ẹ̀tì gidi wọ́n. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ ní ọjà, ó sì jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń lọ́ ọ lára ẹni tí ó ń kú lọ ni ọ̀pá rẹ̀ yóò kán. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá dá tirẹ̀ rà, ayédèrú ni owó rẹ̀ yóò ká. Bí a bá jùmọ̀ rà á lábẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́, a ó rí ojúlówó rà ní iye tí ó dínkù, nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ ọ́n yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pín in. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí a sì ra ọ̀kan lọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, nítorí èyí tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ kò yẹ kí ó padà sínú àpótí. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí nọ́ọ̀sì kọ́ ènìyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so ó títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Kí ó má jẹ́ ọkùnrin nìkan. Ìyàwó ọdẹ ni ó máa ń wà nílé nígbà tí ìbọn bá ṣèèṣì yìn níbi tí a gbé e kọ́ sí. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, kí akọ̀wé ka ohun tí ó wà nínú àpótí, kí ó wo ọjọ́ tí gọ́ọ̀sì yóò bàjẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí alága fọwọ́ sí i. Bí a ti ń yẹ ìwé owó wò ni kí á máa yẹ àpótí yìí wò.

Ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n dáhùn kí a tó tún pàdé: ẹgbẹ́ wo ni yóò kọ́kọ́ gbé àpótí pupa rẹ̀ kalẹ̀, àwọn mẹ́rin wo ni yóò sì kọ́ iṣẹ́ náà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a lò ó, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà má bá wa lọ́wọ́ òfo.