Ọ̀nà Tí Ìwé Ìlú Yóò Máa Gbà Rìn láti Kọ̀ǹpútà sí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ ní Kàbbà

Àwọn olóyè Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìwé àti àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣe lè dé inú kọ̀ǹpútà mìíràn láìsọnù, láìbàjẹ́, tí olè kò sì ní jí i wò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tó kan àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, mo fẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀rọ̀ ogún ìlú ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ilẹ̀ Okun, láti Owé dé Ìjùmú, láti Yàgbà dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ti sin olú-ìlú mẹ́ta. Kí ọdún 1967 tó dé, Kàdúná ni a ń wò gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Àríwá. Láti 1967 ni a bọ́ sábẹ́ Ìlọrin ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a sì ti wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí Lọ́kọ́jà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ìwé ìjọba ti Ẹkùn Kàbbà àtijọ́ ń bẹ ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Kàdúná, ọmọ wa tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ilẹ̀ baba rẹ̀, ìrìn àjò kò yẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwé ìjọba nìyẹn. Ìjọba ló kọ ọ́, ìjọba ló sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwa fúnra wa kọ ńkọ́? Ìwé ìpàdé Ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó tí a dá fún ilé-ìwé àti ọjà, ìwé àdéhùn lórí ààlà ilẹ̀, àwòrán àwọn ọba àti àwọn àgbà tó ti wàjà, ohùn àwọn ìyá tó mọ ìtàn aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú: ta ló ń tọ́jú wọn?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Inú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ni wọ́n wà, tàbí inú fóònù rẹ̀. Bí akọ̀wé bá parí sáà rẹ̀, bí ó bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tàbí bí olè bá gbé e, apá kan nínú ìtàn ìlú bá a lọ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá àwọn akọ̀wé wí, nítorí ìwọ̀n tí agbára wọn ká ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò tíì di ìwé ìlú. Ìgbà tó bá wà níbi mẹ́ta, tí àwọn tí ìlú fọkàn tán sì lè rí i níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni a tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìlú ló ni ín.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ránṣẹ́ lónìí. Èkíní ni fláàṣì tí a fi lé arìnrìn-àjò lọ́wọ́. Fláàṣì lè bọ́ sọnù nínú ọkọ̀, ó sì lè gbé àrùn láti inú kọ̀ǹpútà kan wọ inú òmíràn. Èkejì ni WhatsApp. Ohun tó dára ni fún ìkíni àti ìpè ìpàdé, ṣùgbọ́n bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́nà bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó máa ń fún un kéré kí ó lè fúyẹ́. Ojú ènìyàn yóò hàn, àmọ́ ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ tó wà lórí ìwé àtijọ́ lè di bàìbàì. Bí a tilẹ̀ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, tí kò sì dín kù, yóò bọ́ sáàrin ìkíni ọjọ́ ìbí àti àdúrà òwúrọ̀, lẹ́yìn ọdún kan kò ní sí ẹni tí yóò rí i mọ́.

Ọ̀nà tó dára jù èyí lọ ti wà tipẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1971, ọmọ Íńdíà kan tí ń jẹ́ Abhay Bhushan, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kọ òfin àkọ́kọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé bí wọ́n bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ara wọn. FTP ni orúkọ rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ ribiribi. Àléébù rẹ̀ ni pé gbangba ló ń gbé ẹrù rẹ̀: ọ̀rọ̀ àṣírí tí ènìyàn fi wọlé ń kọjá ní ìhòòhò, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà sì lè kà á. Àwọn baba wa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọba bá di àrokò, ẹni tó gbé e lè rìn láti ìlú dé ìlú láìmọ ohun tó wí, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1995, lẹ́yìn tí olè kan jí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, Tatu Ylönen ti ilẹ̀ Finland ṣe ètò tí a ń pè ní SSH, tó ń di ọ̀rọ̀ bí àrokò kí ó tó kúrò nílé. SFTP, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ láìséwu lónìí, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ní ọdún 2021, Chrome àti Firefox, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ FTP sílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan bá tọ Ẹgbẹ́ wá pé òun yóò fi FTP lásán ṣe ètò fún wa, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì sọ pé SFTP ni a ń fẹ́.

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe ṣe é? Àkọ́kọ́, kí kọ̀ǹpútà kan wà nílé tó jẹ́ ti Ẹgbẹ́, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kò ní láti jẹ́ èyí tó tóbi. Èyí tó kéré, tí iná oòrùn kékeré lè gbé, ti tó. Inú rẹ̀ ni a ó máa kó àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú orúkọ tó ní ọdún, oṣù, ọjọ́ àti ohun tó jẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń dá àwọn tó bá gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí lágara. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà a máa fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà. Ó dà bí agbo ilé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan: ẹni tó wà nínú ilé lè jáde lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n àlejò tó bá kanlẹ̀kùn láti ìta kò mọ yàrá tí yóò wọ̀, a ó sì dá a padà. Nítorí èyí, ẹni tó wà ní London kò lè ké sí kọ̀ǹpútà Kàbbà tààrà. Kọ̀ǹpútà ilé ni yóò máa jáde lọ bá kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀, tí kì í sùn, tí a háyà lóṣooṣù. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní server. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní kọ̀ǹpútà àpamọ́. Ibẹ̀ ni ilé yóò máa gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀ka yóò ti máa wá gbé tiwọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pàdé lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà fi etí sí jù. Kí a má ṣe jẹ́ kí gbogbo olóyè jọ máa lo ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo, nítorí bí ẹnì kan bá fi ipò sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, gbogbo ilẹ̀kùn ìlú wà ní ṣíṣí fún un. SSH fún wa ní ọ̀nà tó sàn jù. Olúkúlùkù yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ kan àti àgádágodo kan tó bá a mu. Àgádágodo ni yóò fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àpamọ́. Bí gbogbo ayé rí i, kò léwu. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láéláé. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ipò sílẹ̀, àgádágodo tirẹ̀ nìkan ni a ó yọ kúrò. Kò sí ìjà, kò sì sí pé a ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí kiri. Àwọn tó lè kó ìwé wọlé kò gbọdọ̀ ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Kí àwọn ẹ̀ka tó kù lè kà á, kí wọ́n lè gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lè pa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ojú ìwé kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 5, ojú ìwé 2,000 jẹ́ mẹ́gábáìtì 10,000. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1. Bí íntánẹ́ẹ̀tì wa bá lè gbé mẹ́gábíìtì 2 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ náà yóò gbà tó wákàtí 11. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná kò ní lọ láàrin wákàtí 11? Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá iná. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ níhà etíkun Ivory Coast, ìdààmú rẹ̀ sì dé Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi nílò ètò tí ń jẹ́ rsync, èyí tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 1996. Ó máa ń fi ohun tó wà níhìn-ín wé ohun tó wà lọ́hùn-ún, èyí tó yàtọ̀ nìkan ni yóò sì fi ránṣẹ́. Bí iná bá lọ, tí a sì ti pàṣẹ fún un kí ó tọ́jú èyí tó ti dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A lè ní kí ó máa ṣiṣẹ́ lóru, nígbà tí àwọn ènìyàn ti sùn, kí dátà wa má baà ṣòfò.

Bí ẹrù bá dé, a ní láti mọ̀ bóyá ó pé. Ètò kan wà tó ń ka fáìlì látòkèdélẹ̀, tó sì ń fún un ní àmì tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. SHA-256 ni wọ́n ń pè é. Bí àmì kóńkó kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì náà, gbogbo àmì náà yóò yàtọ̀. Kí ilé kọ àmì yìí sínú ìwé, kí ẹ̀ka náà ṣe tirẹ̀, kí a sì fi wé ara wọn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹrù pé. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí a tún un fi ránṣẹ́.

Kí a má sì gbàgbé pé ohun tí a bá ṣì pa rẹ́ nílé lè di ohun tí a pa rẹ́ níbi gbogbo, bí a bá jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà máa fara wé ara wọn lójú kan náà. Nítorí náà kí ẹ̀ka kan nílẹ̀ òkèèrè máa gba ẹ̀dà tirẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yọ ọ́ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà British Library ní London, wọ́n sì béèrè owó ìràpadà. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn ènìyàn tó tún lè wá orúkọ ìwé nínú àkójọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè rí èyí, kí ni ti Ẹgbẹ́ wa? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibi ìpamọ́ kan kò tó fún ogún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò ó lọ́kàn pé àṣírí ìlú yóò tú. Ìbẹ̀rù tó tọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ohun ni ó yẹ kí ó gun kọ̀ǹpútà. Ohun tó jẹ́ ti orò, ohun tó jẹ́ ti ìdílé, àwọn àgbà àti àwọn ìdílé ni yóò pinnu rẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó tí olúkúlùkù dá náà kì í ṣe ohun tí a ń tú síta. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá kó irú rẹ̀ jọ ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ní ìparí, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ìpàdé yìí pé kí ó ṣe. Kí a ra kọ̀ǹpútà ilé, kí a sì kọ orúkọ Ẹgbẹ́ sí i. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókèèrè, tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí tí wọn yóò sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Kí a sì fi í sínú ìwé òfin Ẹgbẹ́ pé akọ̀wé tó bá ń fi ipò sílẹ̀ kò tíì gbé iṣẹ́ kalẹ̀ títí àmì àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi bá ti kọ̀ǹpútà àpamọ́ dọ́gba, tí a ó sì yọ àgádágodo rẹ̀ lójú gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó mú àwọn ọmọ wa lẹ́yìn odi bọ̀ wálé láyọ̀, kí ìwé ìlú wa má sì ṣe sọnù lójú wa. Okun o!