Ohun Ọ̀fẹ́ Náà Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mi ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní open source. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ti sọ́fítíwíà wọn pa: ẹ lè lò ó, ẹ ò lè rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti open source wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó lò ó, kó tún un ṣe. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, orí Linux ló dúró lé, ọmọ ilé-ìwé kan ní Finland, Linus Torvalds, ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991.

Kí ló kan Ajue níbẹ̀? Gbogbo wa la mọ ibà Lassa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, èèyàn 20 ló mú, 8 nínú wọn kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti ilé ìwádìí Helmholtz ní Jámánì jọ ṣe sọ́fítíwíà SORMAS. Òṣìṣẹ́ ìlera á kọ orúkọ aláìsàn àti ti àwọn tó sún mọ́ ọn sórí fóònù, ìròyìn á sì tètè dé ọ́fíìsì. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àjọ NCDC ń lò ó fún Lassa. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, Jámánì fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí àwọn ọ́fíìsì ìlera tirẹ̀. Ohun tí àìsàn tó wọ Èkó bí ni òyìnbó lò nílé wọn nígbà náà!

Àmọ́ pé a rí nǹkan gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ká má náwó lé e. Ẹ wo OpenSSL, tó ń dáàbò bo password yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé ń lò ó. Ní oṣù Kẹrin 2014 wọ́n rí ihò kan nínú rẹ̀ tí olè lè gbà jí àṣírí, wọ́n pè é ní Heartbleed. Ìgbà náà ni ayé mọ̀ pé èèyàn díẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, àti pé owó ìtọrẹ tí wọ́n ń rí lọ́dún kò ju nǹkan bíi dọ́là 2,000. Gbogbo ayé ń pọn omi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́n kànga!

Nínú oṣù yẹn kan náà, Google, Facebook, Microsoft, Amazon àti àwọn mìíràn dáwó jọ lábẹ́ Linux Foundation: dọ́là 100,000 lọ́dún, fún ọdún 3, lórí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe àánú lásán. Bí kànga bá bàjẹ́, òùngbẹ á gbẹ gbogbo wọn. Àtúnṣe tó ń wọ inú Linux lónìí náà, àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń san owó oṣù fún ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀.

Àáró ni, bí a ṣe ń ṣe é lóko kòkó. Ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀, tó sá lọ́jọ́ ti ẹlòmíì, ṣé wọ́n á tún bá a ro ó?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹgbẹ́ wa bá ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé, LibreOffice ni kí a fi sí i, kì í ṣe ayédèrú. Kí owó tó kù lọ sórí iná àti olùkọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ inú rẹ̀, ẹ má kàn mọ ìta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba, ẹ bi ọ̀gá yín: èwo là ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí la sì ń dá padà? Bí SORMAS bá dákú lọ́jọ́ tí Lassa ń jà, ṣé Jámánì la ó máa pè ni?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ajue á gòkè o.