Iyán Ogún Ọdún: Oúnjẹ Ilé Olóúnjẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ ewì ni àwọn ènìyàn máa ń retí lẹ́nu ẹni tí a bá pè sí irú ibí yìí. Ọ̀rọ̀ ikùn ni èmi mú wá. Bí ó bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé oúnjẹ tí arìnrìn-àjò ń rà jẹ ní ilé olóúnjẹ jẹ́ ẹ̀rí nípa ilẹ̀, nípa omi, àti nípa ìrìn àwọn ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí oríkì ti jẹ́ ẹ̀rí. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rí náà ń parẹ́ lójú wa.

1. Àkúrẹ́

Ọ̀yọ́ ni a bí mi sí, àmàlà ni a sì fi wò mí dàgbà. Ní ọdún 1983, nígbà tí Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ọdún méje, mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú àpótí kan àti ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wọ ilé olóúnjẹ kan lẹ́bàá ọjà, mo sì béèrè àmàlà. Ìyá olóúnjẹ wò mí tàánú-tàánú, ó ní, ‘Ọmọ mi, iyán ni à ń jẹ níhìn-ín. Jókòó.’ Kò béèrè bóyá mo fẹ́. Àwọn géńdé méjì ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ìró ọmọ odó wọn ń lọ déédé bí ìró ìlù. Kò pẹ́ tí ó fi gbé iyán funfun kan wá tí èéfín ń jáde lára rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi ìgbín sè.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé àwàdà lásán ni. Ní Àkúrẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ìlú kan wà tí ó gba ọ̀rọ̀ náà bí òfin. Bí a bá wò ó dáadáa, ojú ọjọ́ ló dá ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, ó rọrùn láti sá iṣu gbẹ kí a sì lọ̀ ọ́ sí èlùbọ́. Inú igbó kìjikìji ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà, òjò pọ̀, ọ̀rinrin pọ̀. Kí a gún iṣu ní tútù ló yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù.

2. Oǹdó

Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, a ó kọjá ní Ọ̀wẹnà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń na ẹran ìgbẹ́, ọ̀yà àti òkété, sí àwọn èrò ọkọ̀ lójú títì. Ẹni tí ó bá ti jẹ nínú rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ìwé kan tí ó sọ ohun tí ó wà nínú igbó agbègbè náà tó bí àtẹ àwọn obìnrin yẹn ti sọ ọ́.

Oǹdó fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí oúnjẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ni Pupupu tí ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, àti pé igi tí a fi ń ti iṣu lẹ́yìn ló kọ̀ tí kò wọlẹ̀ níbi tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí. Láti inú ọ̀rọ̀ kíkọ̀ igi náà ni orúkọ ìlú ti wá. Títí di òní, ìlú náà ní Lóbùn, olóyè obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin àti alákòóso ọjà. Ìlú tí ó ní irú ìtàn yìí kò gbọdọ̀ ka ẹni tí ń dáná sí ẹni yẹpẹrẹ.

Ní Oǹdó ni mo ti kọ́kọ́ jẹ àsun: ẹran ewúrẹ́ tí a fi iná igi sun tawọtawọ, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí pupuru. Oúnjẹ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó ṣù ú roboto, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ yóò dúdú. A ó ha dúdú náà kúrò, a ó gún inú rẹ̀, a ó kù ú, kí a tó rò ó nínú omi gbígbóná. Kí ló dé tí a fi èéfín gbẹ ẹ́? Ìdí ni pé ní etí omi, ilẹ̀ gbígbẹ kò tó, òjò kì í sì í jẹ́ kí a gbára lé oòrùn. Ẹni tí ó bá ń jẹ pupuru ń jẹ ọgbọ́n àwọn tí ó ń gbé lórí omi.

3. Ẹ̀bi mi

Obìnrin Ìkálẹ̀ kan tí ó lọ́kọ sí Oǹdó ló gbé pupuru náà síwájú mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, ewé tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Clerodendrum volubile. Ọbẹ̀ náà dúdú kirikiri. Níwájú gbogbo oníbàárà, mo ní, ‘Ìyá, ṣé èédú lẹ rò mọ́ ọbẹ̀ yìí ni?’ Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò bínú. Ó ní, ‘Olùkọ́, ọbẹ̀ tí ìyá mi sè fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí mi nìyẹn. Ẹ tọ́ ọ wò ná.’ Mo tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀, ata rẹ̀ ta, òórùn ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ sì ń ta sánsán. Mo jẹ ẹ́ tán, ojú sì tì mí.

Fún ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń yà níbẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá kọjá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń gba owó láti kọ ìwé lórí àṣà Yorùbá. N kò béèrè lọ́wọ́ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo irú ewé mìíràn tí ó ń fi kún marúgbó, tàbí ìgbà tí ó ń já wọn. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ti kú. Ìrẹsì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tà. Mo bi í nípa ọbẹ̀ náà. Ó ní, ‘Màmá fẹ́ kọ́ mi, sà, ṣùgbọ́n ìrẹsì ni àwọn èrò ọkọ̀ ń béèrè, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi pé ó ṣe pàtàkì.’ Alága wa, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kò tíì kúrò létí mi. Èmi ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún un.

4. Bí àwọn mìíràn ti ṣe

Ní Kòríà, àwọn ènìyàn máa ń wọkọ̀ lọ sí ìlú Jeonju nítorí kí wọ́n lè jẹ bibimbap, ìrẹsì tí a to ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi lé lórí. Ní ọdún 2012, àjọ UNESCO ka ìlú náà mọ́ àwọn ìlú tí ó lókìkí nídìí oúnjẹ. Ẹ má sì sọ pé ọ̀nà jìn. Ní ọdún 2024, àjọ yìí kan náà fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké ti Côte d'Ivoire sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá ayé. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe attiéké, bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe pupuru. Àwọn aládùúgbò wa kò dáná jù wá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

5. Àgbálọgbábọ̀

N kò sọ pé kí ọmọ ìyá náà má ta ìrẹsì mọ́. Ìrẹsì ló fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Iyán gígún a máa pa èjìká, èéfín pupuru a máa ta ojú. Kò tọ́ kí a jókòó sórí àga ìrọ̀rùn kí a máa pàṣẹ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n jìyà nítorí àṣà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ó bá rin ìrìn-àjò, jẹ oúnjẹ ìlú tí ó dé, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè àdúgbò, bí a ti ń sè é, àti ẹni tí ó kọ́ alásè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́.

Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti jẹ ọbẹ̀ marúgbó yẹn kẹ́yìn. Ó ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jó ẹ̀yin náà díẹ̀.